Ìwúre Ẹlẹ́gùn-ún Bùi Thị Xiển

Kò sí ilé kan ní abúlé Khạ tí Bùi Thị Xiển kò tíì fi orin bú rí. Bí ẹnì kan bá ní tòun kò sí níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó lọ tún un rò dáadáa, orin tí wọ́n kọ sí i ni kò yé e.

Obìnrin kúkúrú ni Xiển, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ a máa wo ènìyàn láti òkè bọ̀ wá sílẹ̀ bí ẹni pé orí òrùlé ló dúró sí. Iṣẹ́ oko ló ń ṣe bíi gbogbo ẹ̀yà Mường tó wà ní àfonífojì tí Khạ wà: ìrẹsì, àgbàdo, ẹlẹ́dẹ̀ méjì lábẹ́ ilé orí òpó rẹ̀. Kò sóhun tó fi ju ẹnikẹ́ni lọ títí di ọjọ́ kejì Tết, ọjọ́ kejì ọdún tuntun, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin alágogo bá jáde. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rù rẹ̀ a máa ba àwọn ọkùnrin tí kò bẹ̀rù ẹlẹ́dẹ̀ igbó.

Agogo méjìlá ló wà ní Khạ, agogo idẹ pẹrẹsẹ tí ìdodo yọ lágbedeméjì wọn. Wọ́n ní oṣù méjìlá ni. Wọn kò sí lójú kan. Ilé yìí ní ọ̀kan, ilé yẹn ní méjì, oníkálukú gbé tirẹ̀ kọ́ ara ògiri láti ọdún dé ọdún. Bí ọdún bá yí, obìnrin ilé kọ̀ọ̀kan a sọ agogo ilé rẹ̀ kalẹ̀, a nù ún, a fi okùn rẹ̀ kọ́ ọwọ́ òsì, a mú ọ̀pá tí wọ́n fi aṣọ wé lórí sí ọwọ́ ọ̀tún. Àwọn ńlá á máa dún wúù bí ẹni tó jẹun yó, àwọn kékeré á máa dá wọn lóhùn. Ẹnì kan kì í lù ju ẹyọ kan lọ. Bí obìnrin kan kò bá wá, oṣù kan ti sọnù nìyẹn, gbogbo abúlé á sì máa wo ara wọn lójú pé oṣù ta ni.

Ilé dé ilé ni wọ́n ń lọ. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n á ti kọ́kọ́ kọrin pé kí onílé ṣílẹ̀kùn. Onílé á ṣí i, wọ́n á wọlé, wọ́n á wúre fún òpó ilé, fún ẹfọ̀n, fún ọmọ, onílé á sì da ìrẹsì sínú agbọ̀n wọn. Wọn kì í fo ilé kankan. Ilé tí wọ́n bá fò, ibẹ̀ ni ọdún gbogbo abúlé á ti máa jò bí ìkòkò tó sán. Ìdí nìyí tí ahun, olè àti ọ̀mùtí fi ń gba ìwúre ní Khạ bí ènìyàn gidi.

Ẹni tó ń lé orin ló sì ń hun ọ̀rọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn mìíràn a máa kọ èyí tí ìyá wọn kọ: kí ilé tutù, kí ìrẹsì kún àká, kí ẹfọ̀n bímọ. Xiển ka irú èyí sí oúnjẹ aláìléyín. Tirẹ̀, ìwúre ni lójú, ẹ̀gún wà nínú rẹ̀. Ó kọ ọ́ fún Quách Văn Tạo, ahun kan tí baba-ńlá rẹ̀ jẹ́ olórí ilẹ̀ nígbà kan, tí òun náà sì ń rìn títí di òní bí ẹni pé ilẹ̀ ṣì mọ̀ ọ́n:

"Ilé yìí ga, ilé yìí mọ́,
eku ilé yìí kì í sanra,
nílé aládùúgbò ló ti ń jẹun,
ó kàn ń padà wá sùn ni, nítorí ilé ńlá ni."

Tạo ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ilé ńlá ni wọ́n ń kì. Ìyàwó rẹ̀ ló sá wọ yàrá. Ọkùnrin kan tí aya rẹ̀ sá lọ sí ìlú, Xiển wúre fún un pé ibùsùn rẹ̀ á máa fẹ̀ sí i, ẹnikẹ́ni kò ní fún un mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri. Nígbà kan, àwọn òṣìṣẹ́ àṣà ìbílẹ̀ wá, wọ́n kó igba obìnrin jọ sórí pápá kí wọ́n máa lu agogo lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni ń kan páànù, ọ̀gá wọn sì ní kí Xiển súre fún òun nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó súre fún ikùn rẹ̀. Ó ní kí ikùn náà máa ṣáájú rẹ̀ dé ibi gbogbo. Ọ̀gá náà pàtẹ́wọ́. Ká sọ tòótọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà, ó tọ́ sí wọn.

Ọkọ Xiển, Bùi Văn Lặn, jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè, bí ó bá sì fẹ́ bínú, oko ni yóò lọ. Ó ti kú láti ọdún mẹ́fà. Agogo méjìlá yìí kan náà ni wọ́n lù níbi òkú rẹ̀, àwọn ọkùnrin ló lù ú. Xiển jókòó ti pósí, ó ṣọ̀fọ̀ bó ṣe yẹ, nígbà tí wọ́n sin ín tán, ó ní wọ́n lù ú yára jù, bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀.

Ohun tó fi ń yangàn jù lọ láyé ni òfin kan tó ṣe. Lọ́dún kan, Tạo yìí kan náà fi àwọn obìnrin sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nínú òjò wínníwínní, ó ń dúró kí orin sú wọn kí ìrẹsì rẹ̀ lè kù. Xiển ní láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn yóò máa kọrin ẹnu ọ̀nà. Bí onílé kò bá ṣí i lẹ́yìn ẹ̀kẹta, wọ́n á yí ojú agogo sí àyà, wọ́n á kọjá láìdún. Ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ tàbí mu nínú ilé náà títí di ọdún mìíràn, ará ilé náà kò sì gbọdọ̀ jẹ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n yí agogo sí àyà. Kí wọ́n tó dé kọ́nà, ọmọ-ọmọ olórí ilẹ̀ ti ń sáré tẹ̀lé wọn láìwọ bàtà, agbọ̀n ìrẹsì lọ́wọ́. Ogún ọdún ni Xiển ti ń sọ ìtàn yìí, ó sì máa ń sọ ibi àìwọ bàtà yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tó ń gbè é lẹ́yìn ní gbogbo ọdún wọ̀nyí ni Hà Thị Nẻng, opó kan tí ilé àwọn méjèèjì kọjú síra. Nẻng kì í ṣe ẹnikẹ́ni níbi, èyí gan-an ni Xiển kò lè fara mọ́. Ó máa ń gbàgbé orin. Ó máa ń fi ẹfọ̀n ṣáájú àwọn baba-ńlá.

"Nẻng," Xiển á wí níwájú gbogbo ẹgbẹ́, "ọjọ́ tí mo bá kú, kí wọ́n yáa tètè ta àwọn agogo yìí fún àwọn tó ń ra irin, kó tó di pé ìwọ ló máa lé orin."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní í kú," ni Nẻng máa ń dá a lóhùn.

Xiển á pòṣé. Ẹni tí a bú tí kò mọ̀ pé wọ́n bú òun, kí la fẹ́ fi ṣe?

Ọmọ kan ṣoṣo ni Xiển bí, Bùi Văn Thực. Ọdún mẹ́tàlá ló fi wa katakata ní ìsàlẹ̀ ìlú, kì í sì í wálé lásìkò Tết, ó ní iṣẹ́ ni. Lọ́dún tí à ń sọ yìí, ó kó Thoa ìyàwó rẹ̀ àti Ngần ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin padà wá sí Khạ, ó sì kọ́ ilé alájà méjì sétí ọ̀nà ọ̀dà. Ilé náà rèé: òpó mẹ́rin tí kò gbé nǹkan kan dúró, ọ̀dà tó pọ́n bí ọsàn, kìnnìún sìmẹ́ńtì méjì lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan nínú wọn sì dà bí ajá tí eyín ń dùn. Géètì irin ló wá ka gbogbo rẹ̀ mọ́, orí rẹ̀ ṣóńṣó bí ọ̀kọ̀, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ wúrà. Ní abúlé tó jẹ́ pé ọparun méjì là ń fi dábùú ẹnu ọ̀nà kí ẹfọ̀n má bàa wọlé.

Ìyá àti ọmọ kì í jà. Wọn kì í sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n Ngần kò bá wọn dá sí i. Lójoojúmọ́ bí oòrùn bá ti yẹ̀ lórí, ọmọ náà á rìn gba ojú oko wá sọ́dọ̀ ìyá àgbà, á gun àtẹ̀gùn ilé orí òpó lórí ìkúnlẹ̀, á la ẹnu. Xiển á fi ọwọ́ mọ ìrẹsì lílẹ̀ rogodo, á fi sí i lẹ́nu. Obìnrin tó lè fi gbólóhùn kan ba ọdún ènìyàn jẹ́ á wá jókòó, á máa fẹ́ atẹ́gùn sí ìrẹsì kó lè tutù. Ó fẹ́ràn ọmọ náà débi pé ẹ̀rù ń bà á, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Gbogbo abúlé ń retí ọdún. Ní etí odò, wọ́n ń sọ ọ́ pé ọgbọ̀n ọdún ló ti ń kọ wá lórin, ká wá wo ohun tí yóò kọ fún ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, ká sì wò ó bóyá Thực á ṣí géètì. Ó dé etígbọ̀ọ́ Xiển, ó yọ ṣùtì.

"Kí ìlà àkọ́kọ́ tó parí, á ti ṣí i," ló wí. "Èmi ni mo bí i, kì í ṣe Tạo."

Síbẹ̀, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ sílé ọmọ rẹ̀. Thoa gbé tíì wá, ó sì dọ́gbọ́n bọ́ sẹ́yìn ilé.

"Ìyá," ni Thực wí, "ẹ jọ̀ọ́, kí ẹgbẹ́ fo ilé tèmi lọ́dún yìí."

"A kì í fo ilé."

"Kí wọ́n kúkú lu agogo nìkan. Kí ẹ má kọrin."

"Agogo láìsí orin? Ṣé ẹfọ̀n là ń pè wálé ni?"

"Mo ti sọ tèmi, Ìyá."

"Ìwọ náà gbọ́ tèmi. Ẹni tó lágbára àtira géètì tó tó yìí, ó yẹ kó lágbára àtiṣí i."

Ó mu tíì rẹ̀ tán, ó lọ. Lójú ọ̀nà, ó ti ń to orin géètì náà jọ lẹ́nu, inú rẹ̀ sì ń dùn.

Ọjọ́ kejì Tết, ìrì ṣì wà lórí koríko nígbà tí wọ́n jáde, obìnrin méjìlá, gèlè funfun, yẹ̀rì dúdú tí wọ́n hun ọ̀nà sí ìbàdí rẹ̀. Ilé mẹ́rìnlá ni wọ́n ti ṣe kí wọ́n tó dé ọ̀nà ọ̀dà, Xiển kò sì bọ̀wọ̀ fún ọ̀kan nínú wọn. Nígbà náà, ìlàjì abúlé ti ń wọ́ tẹ̀lé wọn. Àwọn tí kò jáde wá gbọ́ agogo láti ọdún márùn-ún wà níbẹ̀, wọ́n gbé ọmọ kọ́ èjìká. Tạo gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ dání.

Géètì wà ní títì. Ajá ń gbó nínú ilé. Àwọn agogo bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó kéré jù, wọ́n lọ yípo títí kan èyí tó tóbi jù, Xiển sì gbé ojú sókè.

"Géètì irin, géètì wúrà,
ẹ ṣí i kí ọdún wọlé.
Olè tó bá rí géètì yìí
á rò pé nǹkan wà nínú ilé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ajá dákẹ́. Aṣọ fèrèsé mì, kò sí ẹni tó jáde. Xiển dúró díẹ̀. Ó ti rò pé òun á ti gbọ́ kọ́kọ́rọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ó sì ṣe ohun tó máa ń ṣe bí nǹkan bá dùn ún.

"Kìnnìún méjì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà,
sìmẹ́ńtì ni wọ́n, wọn kì í jẹran.
Onílé, ẹ jáde wá kí wa,
àbí ẹ̀yin náà ti di sìmẹ́ńtì?"

Lọ́tẹ̀ yìí, Tạo nìkan ló rẹ́rìn-ín dáadáa.

"Ẹ̀gbọ́n," Nẻng rọra wí lẹ́yìn rẹ̀, "ó ku ẹyọ kan."

"Mo mọ̀ ọ́n kà."

"Ngần ń wò wá láti òkè."

Xiển wòkè. Ọmọ náà ti fi imú mọ́ gíláàsì fèrèsé, ó ń juwọ́. Ìgbà yẹn ni òfin náà tó yé ẹni tó ṣe é. Láti ọ̀la lọ, bí Ngần bá gun àtẹ̀gùn yẹn tó sì la ẹnu, kò ní lè fi nǹkan sí i, títí ọdún á fi yí po. Bí ó bá sì fi sí i, Tạo á wà níbẹ̀ láti sọ ọ́ káàkiri àfonífojì.

Ilẹ̀kùn ilé ṣí. Thực jáde pẹ̀lú aṣọ ọdún lọ́rùn, ó wá títí dé géètì, ó di irin rẹ̀ mú, kò ṣí i. Àwọn obìnrin rọ agogo sílẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò dá a dúró, nítorí agogo ẹnu ọ̀nà kì í dákẹ́ kí onílé tó dáhùn.

"Ìyá, ẹ̀ẹ̀kan ló kù, àbí?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ni. Ṣí i."

"Mo fẹ́ ṣí i. Ìrẹsì ti wà nínú agbọ̀n. Ọtí ti wà nínú ìkòkò."

"Kí ló wá dè ọ́ lọ́wọ́?"

Thực kò gbé ohùn sókè. Bàbá rẹ̀ ló jọ níbẹ̀. "Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí ẹ kọrin sílé àwa fúnra wa. Ẹ ní akùkọ méjì ló wà nílé yìí, ọ̀kan ń kọ, èkejì ń fọ abọ́. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín. Ó wá lọ jókòó ti àwọn ẹlẹ́dẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, èmi ni mo lọ pè é wọlé."

"Ẹ̀fẹ̀ ni. Bàbá ẹ mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni."

"Ó mọ̀. Títí tó fi kú, kò fọ abọ́ mọ́."

 Ohun tí Thực sọ, òótọ́ ni, Xiển ló rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe Lặn.

"Ngần ti mọ gbogbo orin yín sórí," ni Thực ń bá a lọ. "Eku Tạo ló ń kọ kiri ilé. Ohun tí ẹ bá kọ nípa bàbá ẹ̀ lónìí, kò ní gbàgbé ẹ̀. Ẹ wúre fún mi, Ìyá. Ẹyọ kan péré tí kò lẹ́gùn-ún. Màá ṣí i."

Àwọn agogo tún dún sókè. Agogo ńlá á dún lẹ́ẹ̀mẹta, ẹni tó ń lé orin á sì wọlé sí i, gbogbo ọmọ tó bá ti lè rìn ní Khạ ló mọ èyí. Xiển la ẹnu. Ilé yìí ga, ló fẹ́ wí, ìdajì kejì sì ti wà lẹ́nu rẹ̀ pé ó ga bí ìgbéraga. Ó gbé e mì. Kí onílé yìí pẹ́, ló tún fẹ́ wí, ó rí i pé pípẹ́ yẹn ti fẹ́ di pípẹ́ kó tó ṣí géètì. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó mú tí kò ní egungun bí ẹja odò. Ó wá orin ìyá rẹ̀ lọ, orin àká àti ẹfọ̀n yẹn tí gbogbo ẹnu mọ̀. Ó ti fi orin náà ṣe yẹ̀yẹ́ pẹ́ débi pé yẹ̀yẹ́ ọ̀hún nìkan ló kù lórí rẹ̀.

Agogo ńlá ti dún lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹfà. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Ọwọ́ ń ro àwọn obìnrin. Ẹnì kan wúkọ́. Inú kọ́kọ́ bí Xiển, ó bínú sí Thực, sí géètì, sí Tạo tó ti dìde lórí àpótí kó lè rí i dáadáa. Lẹ́yìn náà ojú wá ń tì í, ojú sì tì í gidigidi, irú èyí tó ti fi ṣe ẹlòmíràn títí tí kò mọ bó ṣe ń rí lára.

"Nẻng," ló wí, kò bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ̀gbọ́n."

"Kọ ọ́."

"Èmi kẹ̀? Màá ṣì í kọ o."

"Mo mọ̀. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Nẻng bẹ̀rẹ̀ orin náà. Ó fi ẹfọ̀n ṣáájú àwọn baba-ńlá. Ó súre fún ẹfọ̀n Thực, Thực kò sì lẹ́fọ̀n, katakata ló ní. Ó gbàgbé òpó ilé, ó padà lọ mú un, ó tún wá súre fún ẹfọ̀n náà lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní kí ilé tutù, kí ọmọ inú rẹ̀ dàgbà, kí ọkọ àti aya máa rí ara wọn rẹ́rìn-ín. Xiển ka àṣìṣe mọ́kànlá. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Kí Nẻng tó parí rẹ̀, Thực ti fa irin géètì, ojú rẹ̀ sì tutù bí ìgbà tó wà lọ́mọdé.

Wọ́n wọlé. Thoa da ìrẹsì sínú agbọ̀n. Wọ́n gbé ìkòkò ọtí sáàárín ilé, wọ́n ki àwọn ọ̀pá ìfàmu gígùn bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹni tí orin rẹ̀ bá ṣí ẹnu ọ̀nà ló máa ń kọ́kọ́ mu, fún ọgbọ̀n ọdún kò sì sí ẹnu tó ṣáájú ti Xiển. Thực fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá kan mú, ó tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀dọ̀ Nẻng.

"Ìyá, ẹ ṣeun," ló wí fún un.

Nẻng wo Xiển, kò lè fọwọ́ kan ọ̀pá náà.

"Mu ún," ni Xiển wí. "Ìwọ lo kọ ọ́."

Ó dúró sẹ́yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn, agogo rẹ̀ ṣì kọ́ ọ lọ́wọ́. Ngần sáré sọ̀kalẹ̀ láti òkè, ó gba àárín ẹsẹ̀ àwọn obìnrin kọjá, ó sì fa yẹ̀rì rẹ̀.

"Ìyá àgbà, kí ló dé tí ẹ̀yin ò fi kọ ọ́?"

Gbogbo ilé ń gbọ́. 

"Mi ò mọ̀ ọ́n ni," ni Xiển wí.